Gírámà Àṣẹ: Bí WP-CLI Ṣe Ń Ṣàkóso Ìṣètò àti Àfikún Lórí Ìkànnì Tí Ó Ń Tọ́jú Ọ̀rọ̀ Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni bí ènìyàn ṣe lè fi àṣẹ tí a kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan ṣàkóso ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, dípò kí ó máa tẹ àwọn àwòrán àti bọ́tìnnì tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni WP-CLI, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ìkànnì tí ó ń lo WordPress. Apá méjì péré nínú iṣẹ́ irinṣẹ́ yìí ni àlàyé yóò kàn. Èkíní ni ìṣètò, ìyẹn àwọn ìlànà tí ó ń sọ bí ìkànnì yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Èkejì ni àfikún, ìyẹn àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ WordPress kí ó lè ṣe ohun tí kò lè ṣe láti ìpìlẹ̀. Plugin ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan béèrè ohun tí ó pa onímọ̀ èdè pọ̀ mọ́ irú iṣẹ́ báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, oríkì, àlọ́, ìtàn, ìwé atúmọ̀-èdè àti iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bọ́ sórí ìkànnì díẹ̀díẹ̀, WordPress sì wà lára ohun èlò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìṣètò tó láti ba àmì ohùn inú gbogbo wọn jẹ́. Lọ́nà kejì, àṣẹ tí wọ́n ń kọ sí WP-CLI jẹ́ gbólóhùn. Ó ní ètò, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tí ó lè tẹ̀lé e, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà bí àmì kékeré kan bá yẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ nípa gírámà kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Èrò tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú irinṣẹ́ yìí ju pé ó ń mú iṣẹ́ yá lọ. Ó ń sọ ìṣàkóso ìkànnì di ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí ó ṣeé kà, tí ó ṣeé yẹ̀ wò, tí ó sì ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ náà ti ibi kan náà wá: ohun tí a kọ gan-an ni irinṣẹ́ náà ń ṣe, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́.

2.0 WordPress àti WP-CLI

Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg àti Mike Little gbé WordPress jáde. Èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, inú àká dátà MySQL ni ó sì máa ń kó ọ̀rọ̀ inú ìkànnì pamọ́ sí. Ní ọdún 2004, nígbà tí ẹ̀yà 1.2 jáde, ni wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àfikún. Láti ìgbà náà wá, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ PHP lè kọ àfikún tirẹ̀, kí ó sì so ó mọ́ WordPress láìfi ọwọ́ kan ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ojú-ìwé alákòóso ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń darí ìkànnì WordPress. Wọn yóò fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, wọn yóò wá bọ́tìnnì tí wọ́n fẹ́, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yìí rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ṣe sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́wàá lónìí, kò sí ibi tí ẹlòmíràn yóò ti kà á lọ́la pé bọ́tìnnì wo ni ó kọ́kọ́ tẹ̀.

Àṣà kíkọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà ti pẹ́ ju WordPress lọ púpọ̀. Ọdún 1971 ni Ken Thompson kọ ètò àkọ́kọ́ tí ń gba àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan fún Unix. Orí irú àṣà yìí ni WP-CLI dúró lé. Andreas Creten ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2011. Cristi Burcă wà lára àwọn tí ó mú un dàgbà lẹ́yìn náà. Fáìlì kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ náà. Orí ẹ̀rọ sáfà tí ìkànnì wà ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọn a sì sọ ọ́ ní wp kí ó lè rọrùn láti pè.

3.0 Ètò gbólóhùn àṣẹ

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ (1) ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé:

(1) wp plugin install hello-dolly --activate

Ègé márùn-ún ni ó wà nínú gbólóhùn yìí. Wp ni orúkọ irinṣẹ́. Bí ẹni pe ìránṣẹ́ kí ó tó rán an ni. Plugin jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ń sọ irú ohun tí iṣẹ́ náà kàn. Install jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó túmọ̀ sí pé kí ó gbé nǹkan náà wá kí ó sì fi í sí àyè rẹ̀. Hello-dolly ni àbọ̀, ìyẹn orúkọ àfikún tí a fẹ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dáàṣì méjì, dà bí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé: ó ń sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí, pé bí àfikún náà bá ti wọlé, kí irinṣẹ́ náà tan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú gbólóhùn àṣẹ Yorùbá bíi “Jókòó” àti “Gbé omi wá”, olùwà kò hàn nínú gbólóhùn yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí ń tọ́ka sí irú nǹkan gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ipò yìí kì í ṣe ti àtẹnumọ́. Ìpínsọ́wọ̀ọ́ lásán ni. Àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ náà pín gbogbo ohun tí ó wà nínú ìkànnì sí ọ̀wọ́, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ máa bá ọ̀wọ́ púpọ̀ rìn:

(2) wp plugin list
(3) wp user list
(4) wp config list

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni list nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíka nǹkan sílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ list, get, update àti delete ti mọ ìdajì ọ̀nà. Bí ohun kan bá rú u lójú, kí ó kọ wp help, kí ó fi orúkọ ọ̀wọ́ tí ó fẹ́ tẹ̀lé e, àlàyé yóò sì jáde.

Nǹkan kan wà tí gírámà yìí kò ní, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí ó kù nínú bébà yìí rọ̀ mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa tún iṣẹ́ tí kò dára tó ṣe kí ó tó jẹ́ ẹ. WP-CLI kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ ẹrú, tẹrú náà ni yóò fi jẹ́ ẹ.

4.0 Ìṣètò

4.1 Ilé méjì tí ìṣètò ń gbé

Ibi méjì ni WordPress ń kó ìṣètò sí, ó sì yẹ kí ẹni tí ń lo irinṣẹ́ yìí mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni fáìlì tí ń jẹ́ wp-config.php. Èkejì ni tábìlì kan nínú àká dátà fúnra rẹ̀. Orúkọ àká dátà, orúkọ ẹni tí ó lè wọ inú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ń gbé inú fáìlì, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ àká kò lè wà nínú àká tí a fẹ́ fi ṣí. Àwọn nǹkan bí orúkọ ìkànnì ni ó ń gbé inú tábìlì. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà fún ilé méjèèjì:

(5) wp config get DB_NAME
(6) wp option get blogname

Àpẹẹrẹ (5) ń béèrè orúkọ àká dátà lọ́wọ́ fáìlì. Àpẹẹrẹ (6) ń béèrè orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ tábìlì. Ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ yóò máa wá ohun tí ó wà ní yàrá ní gbọ̀ngàn. Ó tún yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún àpẹẹrẹ (4) tí ó wà lókè. Ọ̀rọ̀ aṣínà àká dátà wà lára ohun tí àṣẹ náà máa ń tẹ̀ jáde ní gbangba. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni da èsì rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà tàbí kí ó fi hàn nínú kíláàsì láìkọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

4.2 Irọ́ tí ó di òótọ́

WP_DEBUG ni orúkọ ìṣètò tí ń pinnu bóyá ìkànnì yóò máa fi àṣìṣe inú PHP hàn. Ó dára nígbà tí ènìyàn ń tún nǹkan ṣe. Kò dára lójú àwùjọ, nítorí pé ó lè fi ibi tí àwọn fáìlì wà nínú sáfà han àlejò. Ẹ wo àṣẹ méjì tí ó jọ pé wọ́n fẹ́ pa á:

(7) wp config set WP_DEBUG false
(8) wp config set WP_DEBUG false --raw

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú fáìlì lẹ́yìn (7) ni (9). Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn (8) ni (10):

(9) define( 'WP_DEBUG', 'false' );
(10) define( 'WP_DEBUG', false );

Àmì àyọlò nìkan ni ó yà wọ́n. Nínú PHP, false tí kò ní àmì àyọlò túmọ̀ sí irọ́, ìyẹn pé kí nǹkan má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì àyọlò bá ti yí i ká, ó ti di ọ̀rọ̀ lásán tí ó ní lẹ́tà márùn-ún, PHP sì máa ń ka ọ̀rọ̀ tí kò ṣófo sí òótọ́, àfi bí ó bá jẹ́ òdo nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ (7) rò pé òun ti pa WP_DEBUG. Títàn ni ó tàn án. Irinṣẹ́ náà yóò sì dá a lóhùn pé iṣẹ́ ti parí, nítorí pé lójú tirẹ̀ iṣẹ́ parí lóòótọ́.

Kò yẹ kí èyí ya ẹni tí ń sọ Yorùbá lẹ́nu. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni ó wà nínú igba, igbá àti ìgbà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò fi ìgbà bu omi. Bí àmì ohùn ṣe rí sí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àmì àyọlò rí sí ìṣètò yìí.

4.3 Ìlà tí ó gbé àmì ohùn dúró

Ìṣètò tí ó kan iṣẹ́ Yorùbá jù lọ ni DB_CHARSET. Òun ni ó ń sọ ìlànà lẹ́tà tí WordPress yóò fi máa bá àká dátà sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà; nọ́ńbà ni ó ń tọ́jú. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Nọ́ńbà lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó fi nọ́ńbà àmì ohùn tẹ̀lé e. Báyìí ni fáwẹ̀lì kan tí ojú rí fi ń di nọ́ńbà méjì nínú ẹ̀rọ.

Ìlànà àtijọ́ tí MySQL ń pè ní latin1 kò ní àyè fún ẹ, ọ, ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àyè fún àmì ohùn tí ó dá dúró. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá bọ́ sínú tábìlì tí ó ń lo ìlànà yìí, ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀: yálà kí ọ̀rọ̀ náà má wọlé rárá, tàbí kí àmì ìbéèrè gba ipò lẹ́tà tí kò ní àyè. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko yóò di ?k??. Ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀ yóò di ?k?? bákan náà. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti di ọ̀kan, kò sí àṣẹ kankan tí ó lè yà wọ́n padà, nítorí pé nọ́ńbà tí ó yà wọ́n ti kúrò nínú àká. Ẹni tí ó kó oríkì jọ níláti padà sídìí ìwé tàbí ohùn tí ó ti dà á kọ, bí wọ́n bá ṣì wà.

Ní ẹ̀yà 2.2, tí ó jáde ní ọdún 2007, ni DB_CHARSET wọ inú WordPress. Láti ẹ̀yà 4.2 ti ọdún 2015 ni WordPress ti ń yan utf8mb4 níbi tí MySQL bá ti lè gbà á. Ìkànnì tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro. Ìkànnì tí ó ti pẹ́, tí wọ́n sì ti gbé láti sáfà kan sí òmíràn, ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Àṣẹ méjì ni ó tó fún un:

(11) wp config get DB_CHARSET
(12) wp db query "SHOW CREATE TABLE wp_posts"

Àpẹẹrẹ (11) ń béèrè èdè tí WordPress ń sọ. (12) ń béèrè èdè tí tábìlì gbọ́. Bí orúkọ tábìlì kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wp_, kí ènìyàn fi èyí tí ìkànnì rẹ̀ ń lò rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá sọ utf8mb4 tí èkejì sì sọ latin1, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sáré yí DB_CHARSET padà. Yíyí i padà kò yí ohun tí ó ti wà nínú tábìlì padà; èdè tí WordPress yóò máa fi kà á nìkan ni ó yí, èyí sì lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó dára di wúruwùru lójú òǹkàwé. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo:

(13) wp db export saaju.sql

Ó yẹ kí a pààlà sí ohun tí ìṣètò lè ṣe. Ẹnìkan lè tẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà méjì, kí ẹlòmíràn tẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí ó bá ń wá nǹkan. DB_CHARSET kò lè tún èyí ṣe. Àdéhùn láàrin àwọn tí ń tẹ iṣẹ́ náà ni yóò tún un ṣe.

5.0 Àfikún

5.1 Wíwà àti títàn

Inú fódà wp-content/plugins ni àwọn àfikún ń gbé. Wíwà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Orúkọ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé inú àká dátà, bí fìtílà ti lè wà nínú ilé kí wọ́n má tàn án. Ìdí nìyí tí install àti activate fi jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tí deactivate sì yàtọ̀ sí delete. Àpẹẹrẹ (2) máa ń fi orúkọ àfikún kọ̀ọ̀kan hàn, bóyá ó wà ní títàn, bóyá ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ti jáde, àti nọ́ńbà ẹ̀yà tí ó wà lórí ìkànnì. Àṣẹ tí ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni.

Fún sísọ àfikún di ọ̀tun, àṣẹ méjì tí ó tẹ̀léra ni ó yẹ:

(14) wp plugin update --all --dry-run
(15) wp plugin update --all

Àpẹẹrẹ (14) ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Àpẹẹrẹ (15) ń ṣe é. Àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì ni àyè tí ènìyàn ní láti ronú.

5.2 Nígbà tí ìkànnì bá kú

Àṣìṣe kan nínú àfikún kan tó láti dá gbogbo ìkànnì dúró, tó fi mọ́ ojú-ìwé alákòóso tí ó yẹ kí wọ́n fi pa àfikún náà. Láti ẹ̀yà 5.2 ti ọdún 2019 ni WordPress ti máa ń gbìyànjú láti fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí alákòóso, kí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ṣùgbọ́n bí sáfà náà kò bá lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, tàbí bí àpótí tí lẹ́tà ń lọ bá jẹ́ ti ẹni tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìlà àṣẹ ni ilẹ̀kùn tí ó kù.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. WP-CLI fúnra rẹ̀ máa ń jí WordPress dìde kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí àfikún, WordPress a sì jí àwọn àfikún. Èyí tí ó ba ìkànnì jẹ́ yóò ba àṣẹ náà jẹ́. Ohun tí ó ń gbani nírú ipò yìí ni àpọ́nlé tí ó wà nínú (16), níbi tí oruko-afikun dúró fún orúkọ àfikún tí ó fa wàhálà:

(16) wp plugin deactivate oruko-afikun --skip-plugins

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí irinṣẹ́ náà jí WordPress láìjí àfikún kankan, kí ó sì yọ orúkọ èyí tí a dá kúrò nínú àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àfikún tí ń gbé inú fódà mu-plugins kò sí lábẹ́ òfin yìí. Wọn yóò jí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ó bàjẹ́, fáìlì rẹ̀ ni wọn yóò gbé kúrò.

5.3 Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó jọ ara wọn

Delete àti uninstall jọ ara wọn lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Delete ń pa fáìlì àfikún rẹ́, ó sì dúró níbẹ̀. Uninstall ń kọ́kọ́ ṣe ètò ìdágbére tí ẹni tí ó kọ àfikún náà fi sínú rẹ̀, kí ó tó pa fáìlì rẹ́. Ètò ìdágbére yìí lè ní pípa tábìlì àfikún náà rẹ́ nínú. Bí ó bá jẹ́ àfikún fún atúmọ̀-èdè ni, tí ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ sínú tábìlì tirẹ̀, uninstall lè kó iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lọ pẹ̀lú fáìlì. Lẹ́yìn delete, ọ̀rọ̀ yóò ṣì wà nínú àká. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àṣẹ yìí kò ní ìpadàsẹ́yìn, àfi láti inú ẹ̀dà ìpamọ́.

6.0 Ìlànà márùn-ún fún ẹni tí ń pàṣẹ

Láti inú ohun tí àlàyé ti fi hàn, ìlànà márùn-ún ni ó ṣeé tẹ̀ lé.

(a) Béèrè: kí list tàbí get ṣáájú set, update àti delete.
(b) Tọ́jú: kí ẹ̀dà ìpamọ́ àká dátà ṣáájú àyípadà, kí wọ́n sì gbé ẹ̀dà náà kúrò nínú fódà tí ará ìta lè wò.
(d) Dán an wò: kí --dry-run ṣáájú níbi tí ó bá wà.
(e) Ṣe é: àyípadà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ohun tí ó fa àṣìṣe lè hàn.
(ẹ) Yẹ̀ ẹ́ wò: kí wọ́n tún béèrè, kí wọ́n má gbà pé “iṣẹ́ ti parí” túmọ̀ sí pé iṣẹ́ dára.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ agbára kún un. WP-CLI kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà WordPress lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti lè wọ sáfà, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ sí àwọn fáìlì, ti di ọ̀gá ìkànnì. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ̀lú orúkọ root, tí ó lágbára lórí gbogbo sáfà, irinṣẹ́ náà yóò kọ̀ jálẹ̀, àfi bí ó bá fi --allow-root kún un. Ìkọ̀jálẹ̀ yìí ní ìdí: àfikún tí a jí lábẹ́ orúkọ root yóò ní agbára root. Ó dára kí ènìyàn padà lo orúkọ kékeré dípò kí ó máa fi àpọ́nlé yẹn kọjá ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni --yes rí, èyí tí ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè tí irinṣẹ́ náà kò tíì bi. Níwọ̀n ìgbà tí irinṣẹ́ náà kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, àwọn ìbéèrè díẹ̀ tí ó ń bi kí ó tó pa nǹkan rẹ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a pa lẹ́nu mọ́.

7.0 Àkọsílẹ̀ tí ó ń gbẹ̀yìn ẹni

WP-CLI pàápàá ní ìṣètò tirẹ̀. Inú fáìlì wp-cli.yml ni ó ń gbé. Àpẹẹrẹ kúkurú rẹ̀ nìyí:

(17) path: /var/www/html
disabled_commands:
  - db drop
  - plugin uninstall

Ìlà kìíní ń sọ ibi tí WordPress wà, kí wọ́n má baà máa tún un kọ. Àwọn ìlà tí ó tẹ̀lé e ń fòfin de àṣẹ méjì: èyí tí ń pa àká dátà run àti èyí tí apá 5.3 ṣe àlàyé rẹ̀. Irinṣẹ́ náà yóò kọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n. Ohun tí ènìyàn kọ pọ̀ mọ́ àṣẹ ni ó ga jù, wp-cli.local.yml tẹ̀lé e, wp-cli.yml ni ó kàn. Fáìlì tí ó wà nínú ilé olùlò fúnra rẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ ètò ipò yìí lè yí fáìlì kan padà kí ó máa ṣe kàyéfì pé kò sí ohun tí ó yí.

Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni pé kí wọ́n kó àwọn àṣẹ tí ìkànnì nílò jọ sínú fáìlì kan, ní ìlà tẹ̀lé ìlà, kí wọ́n fi àmì # bẹ̀rẹ̀ ìlà tí ó jẹ́ àlàyé. Kò sí ohun tí ó ní kí àlàyé náà má jẹ́ Yorùbá. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò sọ àfikún tí ìkànnì ń lò, ẹ̀yà rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yan ìṣètò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé ẹ̀kọ́ gíga gbọ̀ngbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó dá ìkànnì sílẹ̀ yóò gba oyè rẹ̀, yóò sì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ni ìmọ̀ náà wà, orí rẹ̀ ni yóò sì bá lọ. Ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ yóò máa bẹ̀rù àtifọwọ́ kan ohunkóhun. Àfikún yóò gbó, ìhò yóò ṣí sílẹ̀ fún olè, sáfà yóò sì yí padà ní ọjọ́ kan láìsí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé náà kọ́. Bí ó bá kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀lé e lè kà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka ìwé èyíkéyìí, ó lè bá a jiyàn, ó sì lè tún un ṣe.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti ṣe àlàyé bí WP-CLI ṣe ń ṣàkóso ìṣètò àti àfikún. Ó ti fi hàn pé àṣẹ rẹ̀ ní gírámà tí ó rọrùn: ọ̀wọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀ àti àpọ́nlé. Ó ti fi hàn pé àmì àyọlò kan lè sọ irọ́ di òótọ́, pé ìlà kan nínú fáìlì ni ó gbé àmì ohùn Yorùbá dúró nínú àká dátà, àti pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó jọ ara wọn lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru ní ti ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo onímọ̀ Yorùbá di onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ìkànnì tí ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ohun mẹ́ta: èsì àpẹẹrẹ (11) àti (12) ní àkọsílẹ̀, ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ti gbìyànjú láti dá padà rí, àti fáìlì àṣẹ tí ènìyàn méjì ó kéré tán lè kà. Èyí tí ó wà nínú wọn lónìí, tí kò sì sí, ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ̀ka náà fi bẹ̀rẹ̀.